Ẹsẹ̀ Lórí Ìjánu, Ọwọ́ Lórí Jíà

Àwọn baba wa tí wọ́n gun ẹṣin kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó dé ilẹ̀ yìí mọ̀ dájú pé eré sísá nìkan kọ́ ni iyì ẹṣin. Ẹṣin tí ó lè sáré ṣùgbọ́n tí kò gbọ́ ti ìjánu, ọ̀dọ̀ ikú ni ó ń gbé ẹni tí ó gùn ún lọ. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá dé, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn tí wọ́n fẹ́ràn ìjìnlẹ̀ èdè wa mú lò fún ohun tí ń dá ọkọ̀ dúró: wọ́n pè é ní ìjánu. Àwọn awakọ̀ àti àwọn mẹkáníìkì kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n bíréèkì ni ó wà lẹ́nu tiwọn. N óò lo orúkọ méjèèjì nínú àròkọ yìí, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan ọ̀mọ̀wé, ó sì kan ẹni tí ó ń fi ọkọ̀ wá oúnjẹ òòjọ́.

Agbóyi ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Agbóyi wà ní Kòsọ́fẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ní agbègbè ibi tí Odò Ògùn ti ń da omi rẹ̀ sínú ọ̀sà. Láti ọdún 2003, nígbà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ sílẹ̀, ni a ti so orúkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Kétu, tí a ń pe àgbègbè náà ní Agbóyi-Kétu. Bí ènìyàn bá fi ariwo títì Ìkòrodú sẹ́yìn, tí ó fi àwọn alátà àti àwọn alátòmáátì Máìlì Kejìlá sílẹ̀, tí ó wá yà gba àárín Kétu sọ̀ kalẹ̀, omi ni yóò bá níwájú. Ẹja pípa àti yanrìn wíwà ni iṣẹ́ tí a fi mọ àwọn ará ibẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé ènìyàn láti èbúté ìhà Kétu kọjá sí òdìkejì. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ìhà Kétu ni ó ń gbé e sí, ní orí ilẹ̀ tí ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sí etí omi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní àmì ohùn, ẹ kíyè sí ibi yìí. Ògùn ni orúkọ odò náà. Ògún sì ni òrìṣà onírin, tí àwọn awakọ̀ àti gbogbo ẹni tí ń fi irin ṣiṣẹ́ ń wárí fún. Ohùn orí sílébù kejì nìkan ni ó ya orúkọ méjèèjì sọ́tọ̀ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ní Agbóyi, ọ̀tá ara wọn ni wọ́n. Omi Ògùn kò jẹ́ kí irin Ògún sinmi. Bí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì sí omi sílẹ̀ láti inú ìsédò Ọ̀yán tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, èyí tí a ṣí ní ọdún 1983, àwọn tí ń gbé ìsàlẹ̀ odò ni ó ń jìyà rẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Agbóyi, ní Kétu àti ní Ajégúnlẹ̀ ojú ọ̀nà Ìkòrodú ní oṣù kẹwàá ọdún 2010 kò ní gbàgbé bí omi ṣe wọlé tọ àwọn onílé. Àmọ́ kì í ṣe ìgbà tí omi bá ya wọ ilé nìkan ni ó ń ṣọṣẹ́. Ọ̀rinrin ojoojúmọ́ a máa wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, a máa wọ ìdí wáyà, a sì máa wọ inú ọ́ìlì bíréèkì, nítorí pé irú ọ́ìlì bẹ́ẹ̀ a máa fa ọ̀rinrin mu bí iyọ̀ ṣe ń fà á.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin a máa ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja Agbóyi láàárọ̀ kùtùkùtù, a sì máa gbé e lọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ tí ń se oúnjẹ tà. Tòkunbọ̀ ni ọkọ̀ tí ó fi ń ṣe iṣẹ́ náà, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará Jàpáàn, tí ó ti lé ní ọmọ ogún ọdún. Ọ̀tọ̀mátíìkì ni: kò ní kílọ́ọ̀ṣì tí a ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ̀, ọ̀pá jíà rẹ̀ a máa lọ láti orí P, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró, sí orí R tí a fi ń rìn sẹ́yìn, títí dé orí D tí a fi ń lọ síwájú. Nígbà tí ó yá, ọ̀pá yìí bẹ̀rẹ̀ sí ṣe agídí. Ní òwúrọ̀ mìíràn, ẹ̀gbọ́n mi yóò tẹ bíréèkì, yóò fa ọ̀pá náà, kò ní kúrò lórí P. Yóò tún ẹsẹ̀ gbé, yóò tún un tẹ̀, nígbà ẹ̀ẹ̀kẹta tàbí ẹ̀ẹ̀kẹrin ni yóò tó gbọ́. Ó wá di ọjọ́ kan tí kò gbọ́ rárá. Ẹja ti wà nínú ọkọ̀, yìnyín sì ti ń yọ́.

A pe mẹkáníìkì kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Ó dé, ó mi ọ̀pá náà wò, ó ní, “Màmá, ẹ má dààmú. Ohun kan ni ó dè é nísàlẹ̀. N óò já a kúrò, ẹ ò sì ní rí ìyọnu rẹ̀ mọ́ láéláé.” Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí, ó ní, “Àbúrò mi, ìwé ni ìwọ ń kọ́ ọmọ, kì í jẹrà. Ẹja ni tèmi.” Òótọ́ ni ó sọ. Bí àkókò bá ń kọjá lára ọjà ènìyàn, kò rọrùn fún un láti fẹ́ràn ìbéèrè. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé ń ṣeré ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ náà, àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ ojú omi sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bí a bá já ohun tí ń de jíà, ohun kan ṣoṣo tí yóò kù láàárín ọkọ̀ náà àti àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má ṣèèṣì kan ọ̀pá jíà.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí wọ́n fi dá ìdè yìí sára ọkọ̀. Ní ìgbà kan, kò sí i. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni ariwo ta ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nípa ọkọ̀ Audi 5000 tí wọ́n ṣe ní Jámánì. Àwọn tí wọ́n ń wà á ń sọ pé bí àwọn bá ti fa jíà kúrò lórí P, ọkọ̀ a ta kìjí, a sì máa sáré fúnra rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1986, ètò kan tí ń jẹ́ 60 Minutes gbé ọ̀rọ̀ náà jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, tọmọdé tàgbà sì gbọ́ ọ. Ìjábọ̀ tí àjọ ìjọba tí ń mójú tó ààbò ojú títì níbẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1989 fi hàn pé ní ọ̀pọ̀ irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀, bíréèkì ni awakọ̀ rò pé òun tẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé ohun tí ń fún ọkọ̀ ní eré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí rẹ̀. Kí ìjábọ̀ náà tó jáde ni ilé-iṣẹ́ Audi ti bẹ̀rẹ̀ sí fi ìdè sí ọ̀pá jíà: bí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí bíréèkì, jíà kò ní kúrò lórí P. Àwọn tí ń ṣe ọkọ̀ mìíràn tẹ̀ lé wọn. Ní ọdún 2008, a fọwọ́ sí òfin kan ní Amẹ́ríkà tí a fi orúkọ Cameron Gulbransen pè, ọmọ ọdún méjì tí ọkọ̀ tí ń fi ẹ̀yìn rìn pa ní ọdún 2002. Lára ohun tí òfin náà pa láṣẹ ni pé gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ọ̀tọ̀mátíìkì tí a bá ṣe láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010 gbọ́dọ̀ ní ìdè yìí. Nítorí náà, ohun tí mẹkáníìkì fẹ́ já, ẹ̀mí ènìyàn ni a fi kọ́ ọgbọ́n rẹ̀.

Báwo ni ìdè náà ṣe ń ṣiṣẹ́? Bí ìgbà tí ènìyàn mẹ́rin bá ń fi iṣẹ́ rán ara wọn ni. Bí a bá tẹ àtẹ̀mọ́lẹ̀ bíréèkì, èyí tí wọ́n ń pè ní pẹ́dà, súwíìṣì kékeré kan wà lókè rẹ̀, lábẹ́ sítíárìn, tí yóò mọ̀ pé pẹ́dà ti kúrò ní àyè rẹ̀. Súwíìṣì yóò jẹ́ kí iná mànàmáná tí ó gba inú fíùsì wá kọjá. Iná yìí yóò tan iná pupa ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ó ń sọ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn pé a fẹ́ dúró, yóò sì tún ránṣẹ́ sí ìdí ọ̀pá jíà. Níbẹ̀, irin kékeré kan tí iná ń fà yóò yẹ̀, a ó gbọ́ ìró rẹ̀ bí ẹni ta èékánná, ọ̀pá yóò sì gba ominira. Bí ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí bá sùn lójú ọ̀nà, jíà kò ní gbọ́.

Ẹni tí ó bá mọ èyí ti mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ọkọ̀. Kì í ṣe ìdí jíà ni a ó kọ́kọ́ tú. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni a ó lọ. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì náà dúró lẹ́yìn, kí ẹ̀gbọ́n mi ṣí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, kí ó sì máa tẹ bíréèkì. Ọmọ náà ké pé, “Kò tàn.” Ó tún tẹ̀ ẹ́. “Kò tàn.” Nígbà ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ní, “Ó ti tàn.” Bí iná ti tàn yìí ni ọ̀pá jíà kúrò lórí P, wẹ́rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí sọ fún wa. Bí iná ẹ̀yìn bá ń tàn dáadáa ní gbogbo ìgbà tí jíà sì kọ̀, a jẹ́ pé súwíìṣì àti fíùsì rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ìdí ọ̀pá ni kí a wò, bóyá irin tí iná ń fà ti kú, bóyá wáyà já, tàbí kí mínírà tí ọmọdé dà sílẹ̀ ti gan mọ́ ibẹ̀. Bí bátìrì bá ti rẹ̀ jù, ìdè náà lè má yẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé gílóòbù kan ni ó jó, ìyókù yóò ṣì máa tàn. Ṣùgbọ́n iná mẹ́ta ni ọkọ̀ yìí ní lẹ́yìn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń kú pọ̀ tí ó sì ń jí pọ̀. Kò lè jẹ́ gílóòbù. Fíùsì tí ó bá já kì í tún ara rẹ̀ so. Èyí tí a yọ wò sì dára. Súwíìṣì nìkan ni ó kù. Rewáyà kan tí a ránṣẹ́ pè gbé iná ìdánwò rẹ̀ sí i: iná ń dé ẹnu ọ̀nà súwíìṣì, kò sì kọjá síhà kejì àfi nígbà tí ó bá wù ú. Nígbà tí a ṣí kápẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀, ó tutù. Ọ̀rinrin ti jẹ ojú irin inú rẹ̀.

Kí n má gbàgbé, irú àìsàn kejì wà tí ó dà bí òdì èyí. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ó ti dàgbà, rọ́bà tàbí ọ̀rá líle kékeré kan wà lára pẹ́dà tí orí súwíìṣì ń tẹ̀ lé. Bí ó bá gbó, a máa fọ́ wẹ́wẹ́. Nígbà náà, orí súwíìṣì yóò yọ jáde láti inú ihò tí rọ́bà náà fi sílẹ̀, súwíìṣì yóò sì rò pé ènìyàn ń tẹ bíréèkì tọ̀sán tòru. Iná ẹ̀yìn kò ní kú, bátìrì yóò rọ, jíà yóò sì máa kúrò lórí P láìsí ẹsẹ̀ lórí ìjánu. Ẹni tí ó bá rí àfọ́kù rọ́bà nílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ awakọ̀, kí ó má gbá a dànù kí ó tó wòkè.

Mẹkáníìkì lọ ra súwíìṣì ní Òwódé-Onírin, kò sì pẹ́ tí ó fi dé. Wọ́n fi í sí i, iná ń tàn, jíà ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti di ìgbànú ọkọ̀ mọ́ra. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Bí ó ti gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì tí ẹ́ńjìnnì sì ń ṣiṣẹ́, tí ó ń dúró kí ọlọ́kadà kan kọjá, mo rí i tí eékún rẹ̀ ń lọ síwájú díẹ̀díẹ̀. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń fi agbára kún un ni?” Ó ní rárá, pé bí ó ti máa ń ṣe láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan nìyẹn, pé ọkọ̀ sáà ń dúró.

Òǹkàwé mi, pẹ́dà bíréèkì ní èdè tirẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo awakọ̀ gbọ́ ọ. Bí ó bá rọ̀ bí tìmùtìmù, tí ó sì ń le sí i bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ léraléra, afẹ́fẹ́ ni ó sábà máa ń wà nínú páìpù. Bí ó bá le gbagidi tí ọkọ̀ kò sì fẹ́ dúró, ìrànlọ́wọ́ tí búsítà ń ṣe fún ẹsẹ̀ ni kò dé. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán búsítà wò, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó tẹ bíréèkì léraléra títí yóò fi le, kí ó fi ẹsẹ̀ dì í mú, kí ó wá tan ẹ́ńjìnnì: ó yẹ kí pẹ́dà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó sì dúró. Bí ó bá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ dúró, ojú irin tí bíréèkì ń dì mú ni ó sábà máa ń ti wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dì í mú sójú kan tí ó ń rì, tí ó ń rì, bí ẹni tí ń lọ sínú ẹrẹ̀, ọ́ìlì ni kò dúró níbi tí a tẹ̀ ẹ́ sí. Yálà ó ń jò síta, tàbí rọ́bà inú másítà ti gbó, tí ọ́ìlì ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà. Èyí ni ó léwu jù, nítorí pé pẹ́dà bẹ́ẹ̀ lè dá ọkọ̀ dúró lónìí, lọ́la, àti lọ́túnla, kí ó wá kọ̀ ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù.

Mẹkáníìkì wo ìdí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí ibi tí ó tutù. Ó wo ìkòkò ọ́ìlì. Kò dín, ṣùgbọ́n ó ti dúdú bí omi ẹ̀lú. Ó dìde, ó nu ọwọ́, ó sì sọ ohun tí mo fi bọ̀wọ̀ fún un títí di òní: “Màmá, ọkọ̀ yìí kò gbọdọ̀ kúrò níbí lónìí. Másítà ti lọ.” Ẹ̀gbọ́n mi kò fèsì. Ó bọ́ ìgbànú. Ó sanwó fún ọkọ̀ ẹlòmíràn láti gbé ẹja rẹ̀, àwọn oníbàárà sì dín iye tí wọ́n ń rà á nítorí pé ọjọ́ ti lọ. Ó pàdánù, kò sì sí bí mo ṣe lè sọ pé kò dùn ún.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ó wò. Ká ní a já ìdè jíà ní òwúrọ̀ náà, ọ̀pá ìbá gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi ìbá sì gun títì Ìkòrodú lọ, láàárín dáńfó àti tírélà, pẹ̀lú iná ẹ̀yìn tí kò tàn àti ìjánu tí ń rì. Ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ ìgbà tí ó fẹ́ dúró. Òun náà kò sì ní mọ̀ bóyá yóò lè dúró. Jíà tí ó kọ̀ náà ni ó kó gbogbo wa jọ sídìí ọkọ̀ náà tí a fi rí ìyókù. A kì í torí pé ajá ń gbó lóru kí a gé e láhọ́n. A ó kọ́kọ́ jáde lọ wo ohun tí ó ń gbó mọ́.

Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n fi másítà tuntun sí i. Wọ́n da ọ́ìlì àtijọ́ nù, wọ́n rọ irú èyí tí a kọ sórí ìdérí ìkòkò rẹ̀ sí i. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ láé, nítorí pé yóò mú kí gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ wú. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí fa afẹ́fẹ́ kúrò, láti ìdí táyà tí ó jìnnà jù sí másítà. Ọ̀gá wà nísàlẹ̀, ọmọṣẹ́ wà lórí pẹ́dà. “Tẹ̀ ẹ́. Dì í mú.” Ọ̀gá yóò tú nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì yóò hó jáde, yóò dì í padà. “Fi sílẹ̀.” Wọ́n ṣe é títí ọ́ìlì fi ń jáde gaara, láìsí ìfófòó. Iṣẹ́ tí ó mọ́ ni. Ọkùnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìkánjú ẹni tí ó pè é ni ó ń fẹ́ kí ó gba ọ̀nà àbùjá, irú ìkánjú bẹ́ẹ̀ sì ti ba ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ láàárín wa.

Àwa olùkọ́ kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín wọn. Ọmọ tí kò lè dáhùn nínú kíláàsì lè má jẹ́ olódo. Ó lè jẹ́ pé kò rí ojú pátákó. Bí a bá na ọmọ náà títí tí ó fi ń pariwo ìdáhùn tí kò yé e, a ti já ìdè jíà nìyẹn, àìsàn sì wà níbẹ̀. Iṣẹ́ ẹni tí ń wá ìdí nǹkan kò ju pé kí ó mọ bí ohun kan ṣe ń tọ òmíràn lẹ́yìn, kí ó bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó má sì fo èyí tí ó rọrùn nítorí pé ó rọrùn.

Ihò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá jíà ọ̀pọ̀ ọkọ̀, tí a lè fi kọ́kọ́rọ́ tẹ̀ láti tú ìdè náà ní ọjọ́ ìṣòro. A dá a síbẹ̀ kí a lè wọ́ ọkọ̀ tí ó kú lójú ọ̀nà kúrò, tàbí kí a lè gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i pé òun ń lò ó lójoojúmọ́, kí ó fa bíréèkì ọwọ́ sókè, kí ó fi òkúta sẹ́yìn táyà, kí ó sì pe ẹnì kan kí ó wá bá òun wo iná ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ẹsẹ̀ di pẹ́dà mú, kí ó sì ka oókan títí dé ọgbọ̀n.